Sògúndogójì Inú Fóònù



Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè nílé. Sògúndogójì òde òní kò rán ẹnikẹ́ni. Inú fóònù ni ó ń gbé. Bí oníṣòwò ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde bá yáwó níbẹ̀, tí kò tètè san án, wọn a ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ pé olè ni.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní 2022 ni àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo òǹrajà, kọ́kọ́ ṣe ìlànà fún wọn. Ní oṣù July 2025, òfin tuntun dé: ayánilówó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ owó sí ẹni tí kò bèèrè lọ́rùn, kò sì gbọdọ̀ dójú ti onígbèsè. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦100,000,000.

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n kò sọ èlé di hàláálì. Súrátùl-Bákárà kà á léèwọ̀, ó sì ní kí á fi àkókò gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ owó.

Kí ló wá lé ìyá oníṣòwò lọ sídìí fóònù? Àwa ni! A ń rówó ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, ṣùgbọ́n a kò rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà yá ọmọ ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí àsàlátù kọ̀ọ̀kan ya àpótí ẹ̀yáwó aláìlélé sọ́tọ̀.

Kí Ọlọ́run má fi gbèsè dójú tì wá. Àmín.