Rímù àlọ́ì: ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ló sábà máa ń bà á jẹ́

Bí ọkọ̀ bá ti Àkúrẹ́ dé Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì lásìkò ọyẹ́, tàbí tó gba ọ̀nà Emùré àti Ìsẹ̀ kọjá lẹ́yìn òjò, ẹ wo rímù rẹ̀. Eruku pupa á ti bò ó, ẹrẹ̀ á ti há sínú rẹ̀, nǹkan dúdú kan á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn tí omi lásán kò lè ṣí. Awakọ̀ fẹ́ kó dán, ẹni tó ń fọ ọkọ̀ fẹ́ tètè parí iṣẹ́, ni wọ́n bá gbé ásíìdì jáde. Lóòótọ́, rímù náà á dán lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, ojú rẹ̀ á máa bó, táyà á sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò láìgba ìṣó.

Kí ni àlọ́ì gan-an?

Àlọ́ì kì í ṣe irin bíi rímù dúdú àtijọ́ tí wọ́n máa ń fi ike bò lójú. Alumíníọ̀mù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò ìdáná, tí wọ́n po sílíkónì àti magnésíọ̀mù díẹ̀ mọ́ kó lè le. Kì í dípẹtà pupa bí irin, àmọ́ ó ní àrùn tirẹ̀: á máa hu lúbúlúbú funfun. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni ọ̀dà, àti fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ tí wọ́n fi lé ọ̀dà náà lórí. Tí fáníìṣì yìí bá ti là, omi á ríbi wọlé, ìjẹrà á sì máa lọ lábẹ́lẹ̀.

Níbo ni nǹkan dúdú yẹn ti ń wá?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀dà títì ni. Bíréèkì ló ti ń wá jù. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, páàdì á fún dísìkì onírin mọ́ra, àwọn méjèèjì á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Lúbúlúbú irin tó gbóná ló ń fò lọ lẹ̀ mọ́ rímù. Tó bá pẹ́ níbẹ̀ tí omi sì ń kàn án, á dípẹtà, á wọnú fáníìṣì. Ìdí nìyẹn tí rímù iwájú fi máa ń dúdú ju tẹ̀yìn lọ, torí bíréèkì iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Níbi tí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá sì pọ̀ bíi tiwa ní Èkìtì, ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí bíréèkì.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan rímù

Àkọ́kọ́ ni ásíìdì bátìrì. Ó ń jẹ fáníìṣì, ó ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì lè jó ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń fọ ọkọ̀, ọmọdé sì ni wọ́n nígbà mìíràn.

Ìkejì ni kọ́sítíìkì sódà àti ọṣẹ tó le jù. Ẹni tó bá ti se nǹkan oníkáún nínú ìkòkò alumíníọ̀mù rí mọ̀ bí inú ìkòkò náà ṣe máa ń dúdú. Ohun kan náà ló ń ṣe rímù.

Ìkẹta ni ìfọkòkò onírin àti yanrìn. Wọ́n á ha fáníìṣì kúrò pátá.

Ìkẹrin ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, tí àwọn kan máa ń fi pa táyà àti rímù kó lè máa dán. Ọ́ìlì ń ba rọ́bà táyà jẹ́, ó sì ń fa eruku. Èyí tó burú jù ni pé bó bá kán sórí dísìkì tàbí páàdì, bíréèkì kò ní mú dáadáa. Ẹ̀mí ló wà nídìí ìyẹn.

Bó ṣe yẹ kí ẹ fọ̀ ọ́

Ẹ jẹ́ kí rímù tutù ná. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ẹ fún un tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tútù lórí dísìkì tó gbóná lè mú kó tẹ̀, ọṣẹ á sì gbẹ mọ́ rímù kí ẹ tó ṣàn án.

Rímù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ kí ẹ tó fọ ara ọkọ̀, kí ẹ sì ní báàkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irin inú ìdọ̀tí rẹ̀ lè ha ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ da omi sí i kí ẹrẹ̀ ṣí, kí ẹ wá fi ọṣẹ ìfọkọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ inú rẹ̀ náà, kì í ṣe ojú nìkan. Bí ti bíréèkì bá ti lẹ̀ pinpin, kẹ́míkà wà tí wọ́n ṣe fún yíyọ lúbúlúbú irin lára rímù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń di àwọ̀ àlùkò bí wọ́n bá ti bá irin pàdé. Ẹ wo ara ike rẹ̀ bóyá ó bá àlọ́ì mu, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ síbẹ̀.

Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi wáàsì ọkọ̀ pa ojú rímù ní oṣù méjì-mẹ́ta síra. Eruku kò ní rí ibi dì mọ́ mọ́, omi lásán á sì máa ṣí èyí tó pọ̀ jù. Kí ẹ tó gba títì, ẹ rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí omi lè gbẹ lórí dísìkì.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀

Lásìkò yìnyín ní Kánádà, Jámánì àti apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí kò bá àlọ́ì rẹ́. Tòkunbọ̀ tó ti ibẹ̀ wá lè ti gbé àrùn náà dání. Bí ẹ bá rí fáníìṣì tó wú bí ìléròrò, tàbí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí aràn, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dídán kọ́ ni líle

Àǹfààní tó tóbi jù nínú fífọ rímù ni pé ojú á tó ibi tó fọ́. Kòtò ojú ọ̀nà máa ń sán àlọ́ì láti ẹ̀yìn, níbi tí awakọ̀ kì í wò. Bí ó bá ti sán, ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà lásán. Iná ni wọ́n fi mú un le nílé iṣẹ́, iná wẹ́dà sì lè sọ ibẹ̀ di ẹlẹgẹ́, tó fi máa fọ́ lórí eré. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí táyà bá sì ń jò tí fọ́kánáísà kò rí ìṣó, ẹ ní kó yọ ọ́, kó wo etí rímù níbi tí táyà ti jókòó. Bó bá rí lúbúlúbú funfun níbẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Kó ha á kúrò, kó fọ̀ ọ́ mọ́, kó sì kùn ún kí táyà tó padà sórí rẹ̀.