Ìpín Oko Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ṣe Lè Sè É Tán

Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àpótí ẹ̀fọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ lójú, tí wọ́n mọ̀ lórúkọ. Kì í ṣe àwọn ló yan ohun tó wà nínú àpótí náà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé e, torí owó ọ̀hún ti kúrò lọ́wọ́ wọn láti ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín ṣì bo oko. CSA (Community Supported Agriculture, iṣẹ́ oko tí aráàlú ń tì lẹ́yìn) ni wọ́n ń pe ètò náà. Ìpín nínú ìkórè ọdún ni oníbàárà rà: bí oko bá so, ìpín á tóbi, bí oko ò bá so, ìpín á kéré.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Àkókò tí àgbẹ̀ ń náwó jù, lórí irúgbìn, epo katakata àti owó òṣìṣẹ́, ni àkókò tí kò ní nǹkan kan láti tà. Bí kò bá yáwó, oko kò ní í gbéra. Owó ìpín ló ń dí àlàfo yẹn. Ẹni tó bá mọ ọjà wa nílé á rántí àwọn alájàpá tó ń ra oko ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n alájàpá ti fojú rí ẹ̀gẹ́ kó tó dá owó lé e, èrè tirẹ̀ ló sì ń wá. Ẹni tó ra ìpín sanwó kí irúgbìn tó kan ilẹ̀, ó sì ti gbà pé bí ọ̀dá tàbí àgbàrá bá dé, òun àti àgbẹ̀ ni yóò jọ rù ú.

Àwọn ará Japan ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ní 1971 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Japan Organic Agriculture Association sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé tí oògùn apakòkòrò ń bà lẹ́rù sì ń bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn tààrà, teikei ni wọ́n ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, oko méjì ló ṣíwájú ní 1986: Indian Line Farm ti Robyn Van En ní Massachusetts, àti Temple-Wilton ní New Hampshire. Láti Switzerland ni Jan Vander Tuin ti gbé ìmọ̀ náà wá sí èkíní. Láti Jámánì ni Trauger Groh ti gbé e wá sí èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń dúró sí nìyẹn, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Booker T. Whatley, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀dúdú ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, ti ń gba àwọn àgbẹ̀ kéékèèké nímọ̀ràn ṣáájú ìgbà náà pé kí wọ́n kó oníbàárà jọ sí ẹgbẹ́, kí wọ́n máa gba owó ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú, kí àwọn oníbàárà sì wá kórè fúnra wọn. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀yáwó dù nílò owó tí kò ti báńkì wá. Ó yẹ kí a máa dárúkọ Whatley mọ́ àwọn yòókù.

Ètò náà ti tàn ká. Ilẹ̀ Faransé gbà á ní 2001 lábẹ́ orúkọ AMAP, orúkọ yẹn náà ló sì bá dé orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí wa. Ní 2015, ìwádìí Iléeṣẹ́ Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà rí oko 7,398 tó ń tajà lọ́nà yìí, owó tó sì wọlé fún wọn jẹ́ mílíọ̀nù 226 dọ́là.

Inú ilé ìdáná gan-an ni ètò yìí ti ń yọrí tàbí kó forí ṣánpọ́n. A ti mọ́ ọn lára pé ká kọ́kọ́ ro ohun tí a fẹ́ jẹ, ká tó lọ sọ́jà. Ẹni tó gba ìpín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú àpótí ló máa sè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, spinach àti lettuce ló máa ń pọ̀. Oṣù keje ni kùkúḿbà àti zucchini máa ń ya dé bí ẹni pé kò ní í tán. Tòmátì, ata, ìgbá àti àgbàdo ń tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ, kí kale, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti elégédé tó gba ipò wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ lẹ́yìn ọdún kan, torí ewé ń rọ nínú fíríìjì nígbà tí àwọn ń ra oúnjẹ níta.

Èrò tèmi ni pé ìdáná Yorùbá bá ètò yìí mu ju ọ̀pọ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ rírò kò so mọ́ ewé kan ṣoṣo. Bí ata, àlùbọ́sà, irú àti epo bá ti wà nínú ìkòkò, ewé tó bá dé ló máa wọlé. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà ti ń fi spinach àti collard rọ́pò ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ewé ni à ń bọ̀. Spinach, Swiss chard àti ewé beetroot ní èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate, bí tẹ̀tẹ̀ tiwa náà ṣe ní in. Oxalate máa ń lẹ̀ mọ́ calcium inú oúnjẹ débi pé ara kò ní í rí i lò, ó sì wà lára ohun tó ń di òkúta inú kíndìnrín fún ẹni tí àìsàn náà máa ń ṣe. Ó ń yòrò sínú omi, nítorí náà bí a bá bọ ewé wọ̀nyí tí a fún un, tí a da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa lórí tẹ̀tẹ̀ fìdí múlẹ̀ dáadáa níbí. Kale, collard àti kábéèjì ní tiwọn kò ní oxalate tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bọ̀ wọ́n, fítámínì C ni ẹ ń dà nù, torí òun náà ń bá omi lọ. Ẹ yọ igi àárín ewé collard, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó.

Lọ́jọ́ tí àpótí bá délé gan-an ni kí ẹ gé ewé kúrò lórí kárọ́ọ̀tì àti beetroot. Bí ewé bá wà lórí wọn, á máa fa omi inú gbòǹgbò, gbòǹgbò náà á sì rọ. Ẹ má da ewé beetroot nù, ẹ̀fọ́ gidi ni. Lettuce àti spinach ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, elégédé tí èèpo rẹ̀ le lè dúró fún oṣù mélòó kan níbi tó tutù tó sì gbẹ, ẹ sì lè fi se àsáró. Ewé tó bá ṣẹ́kù, ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ gbé e sínú omi dídì, ẹ fún un, kí ẹ tó kó o sí fìrísà. Ooru yẹn ló ń pa àwọn èròjà inú ewé tí í máa ń bá iṣẹ́ lọ nínú òtútù, tí í sì ń ba àwọ̀ àti adùn jẹ́. Tòmátì àti ata oṣù kẹjọ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi á fi gbẹ, ẹ pín in sínú ike.

Àdánù tí oníbàárà gbà láti bá àgbẹ̀ rù ń dé lóòótọ́. Ní oṣù keje 2023, odò Winooski kún bo àwọn oko Intervale ní Burlington, ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí oko CSA wà. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí wọ́n ta irúgbìn tí omi àgbàrá bá ti kan ibi tí à ń jẹ lára rẹ̀. Àwọn tó ti sanwó pàdánù pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ wọn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ètò yìí ni pé ó ń ti aláìní sẹ́yìn. Ta ló lè kó owó oṣù mélòó kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Òfin àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ti 2014 gbà kí àwọn tó ń gba SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní, fi ra ìpín, bí ọjọ́ tí wọ́n sanwó kò bá ti ju ọjọ́ 14 lọ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìpín náà. Soul Fire Farm, oko tí Leah Penniman wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Grafton, ìpínlẹ̀ New York, ti fi ohun tó ń wọlé fún ìdílé pinnu iye tí wọ́n máa san rí. Bó ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: ọ̀sẹ̀ mélòó ni, ṣé ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe bí oko bá bàjẹ́? Bí ẹ̀yin méjì péré bá wà nílé, ìdajì ìpín ni kí ẹ gbà. Ọ̀pọ̀ oko ló ń tà á. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gba orúkọ.