Eegun kéékèèké mẹ́ta tí ń gbé ohùn wọ inú etí

Gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ni ohùn. Ṣùgbọ́n omi ló kún inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí a ti ń gbọ́ ọ. Bí ohùn bá ti inú afẹ́fẹ́ kan omi tààrà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò ta padà. Iṣẹ́ eegun mẹ́ta tí ó wà ní àárín etí àwọn ẹran tí ń fún ọmọ lọ́mú ni láti dènà èyí. Ẹyọ kan péré ni ẹyẹ ní.

Ìrísí wọn ni àwọn onímọ̀ fi sọ wọ́n lórúkọ. Èkíní, òòlù, lẹ̀ mọ́ awọ etí. Èkejì, owú alágbẹ̀dẹ, ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, tí ó gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 3, dà bí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Bí awọ etí bá gbọ̀n, òòlù a mi owú, owú a mi ẹ̀kẹta, èyí a sì ti omi. Awọ etí fẹ̀ ju ojú ihò tí ẹ̀kẹta ń tì lọ ní ìlọ́po 17. Eegun wọ̀nyí sì ń ṣe bí igi tí a fi ń yí òkúta ńlá. Nípa bẹ́ẹ̀, agbára ìtì náà ń di nǹkan bí ìlọ́po 20.

Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọdé, omi lè kún àárín etí, eegun kò sì ní lè mì dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ “igbá” níbi “ìgbà” lè máà jẹ́ aláìmọ̀kan: kí olùkọ́ kọ́kọ́ mú un jókòó nítòsí, kí a sì yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn.