Wíwá Ibùgbé Olówó Pọ́ọ́kú fún Iṣẹ́ Java

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ìlú púpọ̀ wá sí Tamale láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ará Ghana, ará Nàìjíríà, ará Benin àti ará Togo! Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, owó náà kò sì pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí a jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ọdún tí ó kọjá, àwa mẹ́rin kan jókòó, a sì kọ ètò kékeré kan ní èdè Java. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ń bẹ̀ wá wò lè máa fi fóònù wọn kọ máàkì sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà, ìbáà ṣe Savelugu, ìbáà ṣe Tolon tàbí Kumbungu. Lórí kọ̀ǹpútà wa nínú ilé-ẹ̀kọ́, ètò náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ní àbùkù. Nígbà tí a wá fẹ́ gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a wo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń háyà ààyè, a sì mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ètò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí kú ní òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, olùkọ́ kan yóò dúró sábẹ́ igi máńgòrò ní Tolon, yóò máa tẹ fóònù rẹ̀, kò sì ní rí ohunkóhun. Ẹ̀bi wa ni. Iye owó nìkan ni a kà, a kò ka ohun tí owó náà ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń háyà. Kọ̀ǹpútà kan ni, tí ó wà nínú ilé kan tí iná kì í kú, tí a kì í sì í pa ní òru. Ẹni tí ó ni ín a máa pín in bí onílé ti ń pín ilé rẹ̀ fún ayálégbé. Àwọn kan ń gba yàrá nínú agboolé tí ogún ènìyàn ti jọ ń lo ilé ìdáná kan. Àwọn mìíràn ń gba ilé tí ó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Yàrá inú agboolé ni ó pọ́ọ́kú jù, òun ni ẹ sì ń rí nínú ìpolówó. Ṣùgbọ́n èdè PHP ni wọ́n kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún, wọn kò kọ́ ọ fún Java.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì nìyí. PHP dàbí alábàárù inú ọjà: a pè é, ó gbé ẹrù, ó gba tirẹ̀, ó lọ. Bí kò bá sí oníbàárà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Java dàbí ìyá olóúnjẹ tí ó dá iná ńlá ní ìdájí tí kò sì pa á títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí iná bá ti jó, oúnjẹ a máa yá lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n igi ń jóná ní gbogbo ìgbà, oníbàárà wá o, oníbàárà kò wá o. Igi yìí ni ìrántí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní RAM.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí James Gosling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé Java jáde ní ọdún 1995, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹni tí ó kọ ètò kan lè gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí láìtún un kọ. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí ń gbé inú ẹ̀rọ, òun ni ó ń ka ètò náà tí ó sì ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ yìí ni ó ń jẹun. Bí ẹ kò bá fi òté lé e, ó lè lo tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìrántí kọ̀ǹpútà fún ẹrù ètò yín nìkan, yóò sì tún gba òmíràn fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ètò kékeré tí a fi Spring Boot kọ lè gba mẹ́gábáìtì 200 sí 400 kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá fi ibi ìpamọ́ dátà kún un lórí kọ̀ǹpútà kan náà tí gbogbo ìrántí rẹ̀ jẹ́ 512. Nígbà tí ìrántí bá tán, Linux, tí ó ń darí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, yóò wá èyí tí ó jẹun jù nínú àwọn iṣẹ́ tí ń lọ, yóò sì pa á. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ètò wa, iye kan ṣoṣo ni a ń rí ní òròòwúrọ̀: 137. Àmì pé wọ́n fi ipá pa á ni.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni ó dé tí ẹ kò fi Java sílẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n Java wà nídìí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa. DHIMS2, tí àwọn ilé-ìwòsàn Ghana ti ń fi ròyìn iye àwọn aláìsàn láti ọdún 2012, orí DHIS2 ni wọ́n kọ́ ọ lé, iṣẹ́ Java tí ó ti Yunifásítì Oslo ní Norway wá sì ni DHIS2. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú kò lè máa sá fún Java nítorí owó ilé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn onílé wò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iye owó wọ̀nyí a máa yí padà, nítorí náà mo fi ọdún sí i níbi tí ó bá yẹ.

Irú kìíní ni àwọn tí ń gba ètò yín tí wọ́n sì ń bá yín bójú tó o, tí ẹ kò ní fọwọ́ kan Linux rárá. Heroku ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ó ti ń gba Java láti ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí wọ́n pa ti ọ̀fẹ́ rẹ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ dọ́là 5 lóṣù fún wákàtí 1,000, pẹ̀lú ìrántí 512. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: oṣù tí ó gùn jù ní wákàtí 744, nítorí náà ètò kan yóò là á já, ṣùgbọ́n ètò méjì tí kì í sùn kò lè là á já. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá sì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè é, yóò sùn. Render ní ti ọ̀fẹ́ tirẹ̀, òun a sì máa sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Oorun kì í ṣe ohun tí ó burú fún PHP. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyá olóúnjẹ: bí iná bá kú, ó di dandan kí ó tún un dá. Ètò Java tí a jí lójú oorun lórí kọ̀ǹpútà aláìlágbára lè lo ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dáhùn, olùkọ́ tí ó wà ní Kumbungu yóò sì ti pa fóònù rẹ̀. Fún ìdánrawò tiyín, ó dára; fún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé, n kò gbà yín níyànjú rẹ̀.

Irú kejì ni ilé tí ó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín yóò máa gbá. Láti ọdún 2022, DigitalOcean ti ní èyí tí ó jẹ́ dọ́là 4 fún ìrántí 512, àti dọ́là 6 fún gígábáìtì 1. Dọ́là méjì péré ni ó wà láàárín wọn, òun sì ni ó ya ikú òru sọ́tọ̀ kúrò lára àlàáfíà fún ètò bí tiwa. Hetzner ti ilẹ̀ Jámánì tún fi ọwọ́ ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọdún 2024, kò tó yúrò 5 lóṣù tí ó ń gbà fún gígábáìtì 4. Oracle, tí ó ra Sun ní ọdún 2010 tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ di olówó Java, bẹ̀rẹ̀ sí fi ilé ọ̀fẹ́ fún ènìyàn ní ọdún 2019, ó sì fi ìrántí púpọ̀ kún un ní ọdún 2021. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ ó ń béèrè káàdì báńkì kí ó tó gbà yín wọlé, ó sì lè gba ilé náà padà bí ó bá rí i pé ẹ kò lò ó tó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ ronú ohun tí yóò bá nígbà tí ó bá dé. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa, irú Whogohost ti Nàìjíríà, tí ó yí orúkọ padà sí GO54 ní ọdún 2024, náírà ni wọ́n ń gbà, èyí sì jẹ́ ìrọ̀rùn ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ Java gbọ́dọ̀ fojú fo yàrá agboolé wọn, kí ó béèrè fún kọ̀ǹpútà tí ó dá dúró.

Ọ̀rọ̀ owó tí à ń ná gan-an ni ó yẹ kí a dúró lé, nítorí ìlú wa kò jọra. Ẹ mú ilé dọ́là 6 yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nǹkan bí sídì 6 ni dọ́là kan, a ó san nǹkan bí sídì 36. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là ti lé ní sídì 13, ilé kan náà sì di ohun tí ó lé ní sídì 78. Onílé kò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀! Sídì tún gbéra padà díẹ̀ ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ọ̀la? Ti náírà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan, tí ilé náà fi jẹ́ nǹkan bí náírà 2,760, ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní náírà 9,000. Ẹ̀yin ará Benin àti Togo kò mọ irú ìyà yìí ní ti yúrò, nítorí pé iye tí yúrò kan jẹ́ sí owó CFA kì í yẹ̀: 655.957 ni. Yúrò 5 jẹ́ nǹkan bí CFA 3,280 lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà ilé tí ó pọ́ọ́kú jù fún ará Cotonou lè má jẹ́ òun ni ó pọ́ọ́kú jù fún ará Ìbàdàn, bí orí ìwé tilẹ̀ kọ iye kan náà fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà àtisanwó pẹ̀lú jẹ́ ìdènà. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dín ohun tí káàdì náírà lè ná ní òkè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni àwọn mìíràn tún ṣí i. Ní Ghana, ẹni tí ó ní MoMo lórí MTN lè gba káàdì orí fóònù. Ẹ rí i dájú pé káàdì náà ṣiṣẹ́ kí ẹ tó kó ẹrù wọlé.

Ní ti ibi tí ilé náà wà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ láti Tamale yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, kí ó tó gba inú okùn abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù. Fún ìwé máàkì, ìdúró náà kò tó nǹkan. Àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ ní etíkun Côte d'Ivoire, ìlú púpọ̀ sì wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì tí ó já geere. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà máàkì rẹ̀ nílé ní ọjọ́ yẹn lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé: báwo ni mo ṣe lè kó jáde? Ní Tamale níhìn-ín, àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ, ẹrù tí ẹlòmíràn kò lè gbé sì di ohun àfisílẹ̀. Java ṣe ojú rere fún wa níhìn-ín, nítorí pé a lè di gbogbo ètò sínú fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí jar, kí a sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní ọjọ́ kan náà. Dátà ni kì í rìn bẹ́ẹ̀. A máa ń ṣe ẹ̀dà tiwa ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì sórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ìkẹyìn, ilé gígábáìtì 4 ní Jámánì ni àwa mẹ́rin mú. Ẹnì kan nínú wa tí ó jẹ́ ará Lomé ni ó ń fi káàdì báńkì rẹ̀ sanwó, àwa yòókù sì ń dá sídì fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù. A fi òté mẹ́gábáìtì 512 lé ẹ̀rọ Java, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún dátà. Láti ìgbà náà, a kò tíì rí 137 mọ́. Máàkì tèmi wọlé láti Tolon ní ọjọ́rú tí ó kọjá: 14 nínú 20. Olùkọ́ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ń yára sọ̀rọ̀ jù níwájú àwọn ọmọ.