Lọ́fínńdà Jẹ́jẹ́: Orúkọ Rẹ̀ àti Ìṣesí Rẹ̀ Lára

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra lọ́fínńdà ní ọjà Tejúoṣó ní Yábàá tàbí Ojúwòyè ní Múṣin ló gbà pé lọ́fínńdà olóòórùn òdòdó tí kò bá pẹ́ lára, ayédèrú ni. Nínú bébà yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé àìpẹ́ lára nìkan kò tó ẹ̀rí. A kò sọ pé kò sí ayédèrú lọ́jà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣesí òórùn jẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí ti òórùn líle, àti pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe méjèèjì ló bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ náà

Inú "lavender" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá "lọ́fínńdà". Èdè Yorùbá kò ní ìró /v/. /F/ ló rọ́pò rẹ̀, bí ó ti rí nínú "Dáfídì". Ìparí rẹ̀ sì di /à/, bíi ti "dókítà" àti "mínísítà". Igi kékeré olódòdó ni lavender, ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Ilé-iṣẹ́ Yardley ti Lọ́ńdọ̀nù, tí a dá sílẹ̀ ní 1770, wà lára àwọn tó sọ omi olóòórùn rẹ̀ di olókìkí. Òórùn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ èdè wa, ìtumọ̀ rẹ̀ gbòòrò; ó di orúkọ gbogbo omi olóòórùn dídùn, gẹ́gẹ́ bí "màgí" kò ti jẹ́ orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi òṣùwọ̀n èyí tó le wọn èyí tó rọ̀.

3. Ìṣesí rẹ̀ lára

Òróró olóòórùn tí a pò mọ́ sípírítì ni lọ́fínńdà. A lè pín òórùn rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta. Èkíní ni ti ọsàn àti ewé, tí kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ. Èkejì ni ti òdòdó, bíi róòsì, tí ó lè wà fún wákàtí díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti igi, oje igi àti àlùmísìkì. Èyí ló wúwo jù, òun ló sì ń pẹ́ jù. Ìpele méjì àkọ́kọ́ ni lọ́fínńdà jẹ́jẹ́ gbára lé. Bí a bá kọ "Eau de Cologne" sára ìgò, òróró inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 2 sí 5 nínú 100 lọ. "Eau de Parfum" a máa tó 15 sí 20.

Ooru Èkó, tí ó sábà máa ń tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, ń mú kí òórùn náà tètè fò lọ; òógùn sì ń fọ ìyókù. Tùràrí olóròóró tí kò ní sípírítì, irú èyí tí Bint el Sudan ti 1920 jẹ́, máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn ni imú. Kì í pẹ́ tí òórùn ara ẹni fi ń mọ́ imú ẹni lára. Ẹni tó fín in yóò rò pé ó ti tán, yóò tún un fín, yóò sì wọ dáńfó ní Ojúẹlẹ́gbà. Èrò tó jókòó tì í ni yóò máa sín. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

4. Àgbálọgbábọ̀

Kí olùrà fín in sí ọwọ́, kí ó rìn nínú ọjà fún ìdajì wákàtí kí ó tó sanwó. Kí ó fi ìpara tí kò ní òórùn pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀ kí ó tó lò ó, nítorí òórùn kì í dúró lórí awọ gbígbẹ. Ní ti èdè, a dábàá "lọ́fínńdà jẹ́jẹ́" àti "lọ́fínńdà líle". Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè èyí tí ó fẹ́ yóò máa náwó lé èyí tí kò fẹ́.