Rosemary: Ewé Tí Àkẹ́jù Ń Pa

Já ẹyọ kan lára ewé rosemary, kí o fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rún un. Òórùn tí yóò ta sánsán jáde kò ní í kúrò lọ́wọ́ rẹ bọ̀rọ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti efinrin wa. Wá wo ewé náà fínnífínní: ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, abẹ́ rẹ̀ funfun, irun wẹ́wẹ́ bò ó, etí rẹ̀ méjèèjì sì ká wọlé bí ẹní. Ọgbọ́n ló fi ká a: ìwọ̀nba omi tó rí mu, kò fẹ́ kí oòrùn àti atẹ́gùn gbà á lọ́wọ́ òun.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí. Etí Òkun Mẹditaréníà ni ilé rẹ̀, ní Sípéènì, Ítálì, Gíríìsì àti Mòrókò, lórí òkè olókùúta tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ lù, tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ nígbà ooru. Síbẹ̀, tooru tòtútù, kì í wọ́wé. Inú èdè Látìn ni orúkọ rẹ̀ ti wá: ros ni ìrì, marinus ni ti òkun. Ìrì òkun.

Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù a máa pa ìtàn pé funfun ni òdòdó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Màríà gbé Jésù sá lọ sí Íjíbítì, ó sá aṣọ aró rẹ̀ sórí igi náà, òdòdó sì di aláró láti ọjọ́ náà. Ní Ọsirélíà, gbogbo ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ni wọ́n ń fi ẹ̀ka rẹ̀ há àyà láti rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú lójú ogun, pàápàá ní Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì lọ́dún 1915, nítorí ó ń lalẹ̀ hù níbẹ̀. Alecrim ni wọ́n ń pè é ní Brazil, ó sì wà lára ewé tí wọ́n fi ń wẹ ìwẹ̀ ìwẹ̀nùmọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn obìnrin ń sè é, wọ́n ń fi omi rẹ̀ fọ irun.

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbìn, àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo tún fi omi kún un. Nígbà tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ti rà. Mo ti kẹ́ ẹ bàjẹ́.

Má ṣe dààmú ara rẹ pẹ̀lú irúgbìn, kì í tètè hù. Gé ọ̀mùnú ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́, já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí o tì í bọ inú yanrìn tí omi wọ́n sí díẹ̀. Láàárín oṣù kan sí méjì yóò ta gbòǹgbò. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dá ihò sí nídìí ló yẹ ẹ́, kí a po yanrìn mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí oòrùn sì máa rí i fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Lákòókò òjò, gbé e sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ tí oòrùn ń dé. Bí o bá ń rẹ́ ẹ, ibi tí ewé ṣì wà ni kí o ti gé e. Igi gbígbó tí kò léwé mọ́ kì í sábà rúwé.

Láàárọ̀ yìí, mo ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò tèmi. Ó ṣì tutù. Mo gbé agolo omi mi padà, òórùn ewé náà sì bá mi wọlé.