Ṣé o mọ̀? Ohun tó ń jó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí supercharger, tó sì sábà máa ń fi bẹ́líìtì yí i? Ẹ̀rọ yìí, tí Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní nǹkan bí 1921, máa ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú sílíńdà. Agbára á pọ̀ sí i, ooru náà á sì pọ̀ sí i. Bí omi rédíétọ̀ bá dín kù, orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àárín orí yẹn àti ara ẹ́ńjìnnì á sì jó.

Àmì pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó: èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, ọ́ìlì tó funfun bíi mílíìkì, omi tó ń dín kù láìjò sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá gbóná, pa á. Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù: omi inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 100°C láìhó, kó wá tú sí ọ lára lójijì.